Ẹ Bá Mi Dúpẹ́, Owó Ọwọ́ Mi Ti Di Tèmi

Ẹ̀yin ará, ẹ̀yin ìyá àti bàbá tí ẹ gbàdúrà fún mi, mo wá jẹ́rìí. Ọlọ́run kó mi yọ. Èèyàn ló sì lò, àwọn tí àánú wọn kò mọ sórí "pẹ̀lẹ́" nìkan.

Ọ̀pọ̀ yín mọ̀ pé ọkọ mi ń lù mí, nítorí ojú tó wú kò ṣeé fi pamọ́. Ohun tí ẹ kò mọ̀ ni pé ọ̀rọ̀ owó ló so mí mọ́lẹ̀ jù. Owó oṣù mi kì í dé ọwọ́ mi. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni káàdì báǹkì mi wà, fóònù rẹ̀ ni báǹkì sì ń fi iṣẹ́ jẹ́ sí. Bí mo bá fẹ́ ra oògùn fún ọmọ, màá bẹ̀bẹ̀ títí, màá sì tún ṣírò ṣẹ́ńjì fún un tí mo bá dé. Nígbà tó yá, ó lọ yáwó ní orúkọ mi. Ó gbé ìwé síwájú mi pé kí n tọwọ́ bọ̀ ọ́, ẹ̀rù kò jẹ́ kí n bèèrè ohun tó fẹ́ fi owó náà ṣe. Kò pẹ́ tó fi ní n kò gbọ́dọ̀ lọ síbi iṣẹ́ mọ́.

Mo ti sá jáde rí, mo sì padà. Àwọn kan ní mo fẹ́ràn ìyà. Rárá o! Ebi ń pa ọmọ, kò sówó ilé, kò sówó ọkọ̀. Títí dòní, ó máa ń dùn mí wọra tí mo bá gbọ́ tí wọ́n ń sọ nípa obìnrin pé "Kí ló ń ṣe níbẹ̀ tí kò kúrò?" Ẹ kọ́kọ́ bi í pé ibo ló máa sùn.

Nọ́ọ̀sì kan tó tọ́jú apá mi tó kán ni Ọlọ́run kọ́kọ́ rán sí mi. Wọ́n dọ́gbọ́n ní kí ọkọ mi lọ dúró níta, wọ́n wá rọra bi mí pé: "Níbo lẹ kó ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ sí? Ta ló lè gbà yín sílé lóru?" Wọ́n fún mi ní nọ́ńbà ilé ààbò àwọn obìnrin, wọ́n ní kí n há a sórí, kí n má kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n tún kìlọ̀ pé n kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ọkọ mi mọ̀ pé mo fẹ́ lọ, torí ìgbà tí obìnrin bá ń kúrò gan-an ni ewu máa ń pọ̀ jù. Díẹ̀díẹ̀ ni mo kó ìwé mi àti tàwọn ọmọ lọ sọ́dọ̀ ìyá aládùúgbò wa. A fẹnu kò sórí ọ̀rọ̀ kan tó jẹ́ pé tí wọ́n bá ti gbọ́ ọ lẹ́nu mi, kí wọ́n pe ọlọ́pàá. Ọlọ́run á bù kún ìyá yẹn.

Ilé ààbò yẹn ni ọpẹ́ mi pọ̀ sí jù. Wọ́n fún wa ní oúnjẹ àti ibùsùn, àmọ́ wọn kò fi mọ síbẹ̀. Àǹtí kan bá mi ṣí àkáǹtì tuntun ní báǹkì tí ọkọ mi kò lò, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù tuntun, wọ́n sì rí i dájú pé nọ́ńbà àṣírí rẹ̀ kì í ṣe ọjọ́ ìbí ẹnikẹ́ni nínú wa. Lọ́ọ́yà kan tí kò gbowó lọ́wọ́ mi kọ̀wé sáwọn olówó èlé pé tipátipá ni mo fi tọwọ́ bọ̀wé, wọ́n sì gbà láti dá èlé dúró. Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mí kanlẹ̀. Mo kọ́ aṣọ rírán, mo sì wọ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àwa obìnrin ibẹ̀.

Àǹtí kò gbà pé kéèyàn kàn kó owó lé obìnrin lọ́wọ́ kó máa lọ, torí ẹni tó ń gba owó oṣù rẹ̀ lè gba owó òwò náà. Nínú ìpàdé, bí a ṣe ń dá owó, bẹ́ẹ̀ la ń kọ́ nípa ẹ̀tọ́ wa. Wọ́n sọ fún wa pé wọ́n ti ṣe irú ètò yìí nígbèríko Limpopo ní South Africa. Wọ́n yá àwọn obìnrin tálákà lówó òwò, wọ́n sì ń dá wọn lẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ mọ́ ọn. Nínú àbájáde tí ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet gbé jáde lọ́dún 2006, ewu pé ọkọ tàbí olólùfẹ́ á hùwà ipá sí wọn dín kù ní ìdá 55 nínú 100. Omijé bọ́ lójú mi nígbà tí mo gbọ́ ọ. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí mi, ó ti ṣẹlẹ̀ sáwọn ẹlòmíì, wọ́n sì bọ́.

Lónìí, èmi ni mò ń san owó ilé tí mò ń gbé. Àwọn ọmọ mi ti padà sí iléèwé. Gbèsè yẹn ti ń tán lọ. Ẹjọ́ wa ṣì wà ní kóòtù, ẹ má dákẹ́ àdúrà.

Àwọn obìnrin tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé ààbò, èmi náà sì wà lára àwọn tí yóò kọ́ wọn níṣẹ́. Ẹ̀rọ ìránṣọ kò kárí. Ẹni tó bá ní èyí tí kò lò mọ́ nílé, kódà kó ti bàjẹ́, kó bá mi sọ̀rọ̀, a óò tún un ṣe.