28

Ní ìparí ọdún, mo máa ń ṣí ìwé tí mo fi ń kọ ìwọ̀n aṣọ àwọn oníbàárà mi, ojú ewé tó gbẹ̀yìn ni mo sì máa ń kọ ìṣirò ọdún sí. Ti ọdún yìí kò gùn. Mo rí owó ṣọ́ọ̀bù san. Ẹ̀rọ ìránṣọ tí mo fẹ́ rà, n kò rí i rà. Ọmọ mi àgbà wọlé sí JSS 1, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Nísàlẹ̀ gbogbo rẹ̀, mo kọ 28. N kò kọ nǹkan kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n òun gan-an ni ọdún yìí fún mi.

Ṣọ́jà ni àbúrò mi ọkùnrin. Nínú oṣù Kẹrin, àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu Màámi nílé wa ní Agége. Àbúrò mi tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá rẹ̀, ìwé náà pẹ́, ló bá gbéra wá láì dúró dè é. Ọjọ́ 11 ló lò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá wa. Áwọ́ọ̀lù ni àwọn ṣọ́jà ń pe irú rẹ̀. Nígbà tó padà, wọ́n ní kó bọ́ fìlà àti bẹ́líìtì, wọ́n mú un wọlé síwájú ọ̀gá tó ń darí wọn, ọ̀rọ̀ náà kò sì pẹ́ tó fi parí: ọjọ́ 28 nínú gáàdìrúùmù, àtìmọ́lé inú bárékè. Mi ò ní sọ bárékè tó jẹ́.

Mi ò jiyàn ìyà náà. Ó ṣẹ̀, òun náà mọ̀. Lọ́yà kan tí mo ń ránṣọ fún ló là mí lóye pé abala 35 nínú òfin ilẹ̀ wa ti 1999 fàyè gbà á kí ọ̀gá ológun ti ọmọ ogun tó bá jẹ̀bi mọ́lé, bí kò bá ṣáà ti ju oṣù mẹ́ta lọ. Ohun tó dùn mí ni pé odindi ọjọ́ mẹ́fà ni mo fi ń pe fóònù rẹ̀ tí kò lọ, tí ẹnikẹ́ni kò sì sọ fún wa pé ibi báyìí ló wà. Mo ti ń sunkún rẹ̀ bí ẹni tó kú.

Nígbà tí mo wá gbọ́, mo wọlé tọ Màámi, mo sì parọ́ fún un. Mo ní wọ́n ti gbé e lọ sí Maiduguri, pé kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì níbẹ̀. Dókítà ti kìlọ̀ pé a ò gbọdọ̀ bà á lọ́kàn jẹ́, mo sì rò pé ojú ogun á dùn létí ìyá ju àtìmọ́lé lọ. Mo ṣì í rò. Obìnrin tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò tíì lè gbé ife bẹ̀rẹ̀ sí í gbààwẹ̀. Bí wọ́n bá ti dárúkọ Borno lórí rédíò, á ní kí n yí i sókè.

Lójoojúmọ́ ni mo ń wọ ọkọ̀ ojú irin tuntun yẹn láti Agége dé Yaba, tí mo tún ń wọ danfo láti ibẹ̀, pẹ̀lú fúláàsì oúnjẹ lórí itan mi. Màámi rò pé iṣẹ́ ni mo ń lọ. Ní gáàdìrúùmù, wọ́n á ní, "Màmá, ẹ tọ́ ọ wò." Mo á bu ẹ̀bà, mo á tọ́ ọbẹ̀ wò, mo á mu nínú omi náà, kí wọ́n tó gbé e wọlé. Wọn kì í jẹ́ kí n rí i. Fúláàsì ni mo ń wò. Bó bá padà ṣófo, ọkàn mi á balẹ̀ dé ilé.

Lẹ́yìn tó jáde, kò sọ̀rọ̀ rẹ̀ rárá títí di oṣù Kẹwàá, nígbà tí a kó àwọn ọmọ lọ sí Freedom Park ní Broad Street, ní Erékùṣù Èkó. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ni ibẹ̀ láyé òyìnbó. Wọ́n kọ́kọ́ fi amọ̀ mọ ọ́n ní 1882. Ní 1885, wọ́n kó bíríkì wá láti ìlú òyìnbó láti tún un kọ́. Láti 2010 ló ti di ọgbà ìgbafẹ́, ibi tí wọ́n ti ń yẹgi fún ènìyàn tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ti ń kọrin báyìí. Àwọn ọmọ ń sáré kiri. Àbúrò mi dúró sójú ibi tí yàrá ẹlẹ́wọ̀n kan wà nígbà náà, ó fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.

Ó ní kí ilẹ̀ tó mọ́ ni wọ́n ti ń lu irin jí wọn. Ẹni méjì ló ń pín omi gárawá kan. Lẹ́yìn náà ni fàtíìgì: oko ṣíṣán, gọ́tà kíkó, ṣálàńgá fífọ̀, ọ̀dà funfun kíkùn sára òkúta. Wọn kì í rìn, sísáré ni gbogbo ẹ̀. Wọ́n ti gba okùn bàtà lọ́wọ́ wọn, bàtà ń yọ lẹ́sẹ̀, gìgísẹ̀ rẹ̀ bó. Ó ní kì í ṣe ìyẹn ló dun òun jù. Ọmọdé ṣọ́jà tí òun fúnra rẹ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń di okùn bàtà ló ń pàṣẹ fún un pé kó sáré.

Nírọ̀lẹ́, bí fèrè bá dún tí wọ́n ń sọ àsíá kalẹ̀, gbogbo bárékè á dúró gbagidi. "Àǹtí mi, ìgbà yẹn nìkan ni èmi àti àwọn tí kò ṣẹ̀ jọ ń ṣe nǹkan kan náà."

Mo bi í léèrè oúnjẹ. Ó ní àwọn márùn-ún ló ń jẹ ẹ́, nítorí ará òkè ọya ni àwọn mẹ́rin yòókù, kò sí ẹni tó ń gbé nǹkan wá fún wọn.

Ó ní kí n sọ òtítọ́ fún Màámi. Mo fi í dọ́la, mo fi í dọ̀tunla, títí di ọjọ́ kejì Kérésì. Mo jókòó tì í, mo sọ gbogbo rẹ̀, pẹ̀lú irọ́ tí mo pa. Ó dákẹ́ pẹ́.

"Ta ló ń gbé oúnjẹ lọ fún un?"

"Èmi ni, Màámi."

"Ṣé o rántí pé kì í jẹ ilá?"

Ó ti pẹ́ tí èmi àti àbúrò mi ti jọ gbé ilé kan náà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo gbé ọbẹ̀ ilá lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni fúláàsì padà ní òfìfo.