Rísì ló ta ìrẹsì mi

Ẹni tó bá ń gbé Ìkòròdú, tó sì ń lọ síbi iṣẹ́ ní Ìkẹjà, ẹ má bi í pé kí ló sè lálẹ́. Aago márùn-ún ìdájí kò ní tíì lù tí màá ti wà ní ibùdókọ̀. Nígbà tí màá bá fi padà dé, ọmọ ti sùn, ajá àdúgbò ti gbó títí ó ti sú u. Sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ Mile 12 nìkan tó láti sọ ènìyàn di ẹni tó ń fi bisikíìtì àti omi inú ọ̀rá sùn. Bí mo ṣe sọ ọjọ́ Àìkú di ọjọ́ ìrẹsì nìyẹn.

Kóńgò méjì ni mo máa ń sè lẹ́ẹ̀kan. Ní Ìmọ́tà, níbi tí kò jìnnà sí wa, ìjọba Èkó kọ́ ilé iṣẹ́ ìrẹsì kan tí wọ́n ṣí ní 2023, wọ́n ní ó lè lọ ìrẹsì tọ́ọ̀nù 32 ní wákàtí kan. Bí ẹ bá wọ ilé ìdáná mi lọ́jọ́ Àìkú, ẹ máa rò pé èmi ni ẹ̀ka wọn.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ló kọ́ mi. Ó ní kí n sè é kó má rọ̀ jù, kí n tẹ́ ẹ sórí tírè kó tètè tutù, kí n dì í ní ìwọ̀n àjẹlẹ́ẹ̀kan, kó sì wọ fírísà kí wákàtí méjì tó pé tó ti kúrò lórí iná. Bí mo bá fẹ́ jẹ ẹ́, kí n wọ́n ṣíbí omi kan sí i, kí n dé e pa, kó gbóná dé inú, ẹ̀ẹ̀kan péré. Mo bi í pé ṣé kò kàn lè wà lórí sítóòfù dàárọ̀ ni. Ó wò mí bí ìgbà tí mo ní kó fún mi ní májèlé. Ó ní kòkòrò kan wà nínú ìrẹsì tí ìsè kì í pa tán, Bacillus cereus lorúkọ rẹ̀, pé bí ìrẹsì bá sùn níta, ó máa ya oró sílẹ̀, bí mo sì gbé e kaná lẹ́ẹ̀mẹ́ta, oró náà ò ní kúrò. Mo rántí gbogbo ìrẹsì ọjọ́ ọdún tí a jẹ di ọjọ́ kẹta nílé bàbá wa.

“Ẹ̀gbọ́n, ṣebí a jọ jẹ ẹ́ ni?”

“Orí ló yọ wá,” ló fi dá mi lóhùn.

Ìmọ̀ràn rẹ̀ dára. Ìrẹsì tó sun inú fíríjì máa ń le bí òkúta wẹ́wẹ́, ṣùgbọ́n ti inú fírísà, tó bá ti gbóná tán, ẹ ò ní mọ̀ pé kì í ṣe tòní. Ọ̀kan péré ni mi ò gbà nínú gbogbo ohun tó sọ. Ó ní kí n tẹ ọ̀rá ìrẹsì pẹlẹbẹ bí ìwé, kó lè tètè dì. Èmi ní ìyẹn ń gba àyè. Mo ń rọ ìrẹsì mi sínú ọ̀rá, mo sì ń ta á ní kókó lọ́rùn, roboto, bí ẹni di àkàmù. Ọkọ mi ní kí n kúkú kọ nǹkan sí i lára. Mo ní, “Bàbá Bọ́lá, ta ni ò ní dá ìrẹsì mọ̀?”

Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn pamọ́ fún mi.

Mi ò dá fírísà náà lò. Ìyá Rísì, tí a jọ ń gbé nínú ọgbà, ń ta yìnyín àti sóbò níwájú géètì, fírísà tiẹ̀ sì ti kú láti ọdún tó kọjá. Ó bẹ̀ mí pé kí òun máa fi omi sínú tèmi, òun á máa dá sí owó iná. Mo gbà, kì í ṣe torí àánú nìkan. Ẹ̀gbọ́n mi ti sọ fún mi pé bí fírísà bá kún dẹ́nu, tí a ò sì ṣí i, ó lè mú òtútù rẹ̀ dúró tó wákàtí 48 bí iná bá lọ. Bó bá kún dé ìdajì, 24 ni. Iná tiwa sì ń wá ó ń lọ bí àna tí inú ń bí. Ọ̀nà Ìjẹdé là ń gbé o, Egbin tí wọ́n ti ń ṣe iná mẹ́gáwáàtì 1,320 kò ju kẹ̀kẹ́ Márúwá kan lọ sí wa, ṣùgbọ́n iná kì í gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Yìnyín Ìyá Rísì á máa bá mi ṣọ́ ìrẹsì, ohun tí mo rò nìyẹn. Nígbà tí ọ̀rá mi tán, ọ̀rá tiẹ̀ ni mo tọrọ. Ọ̀rá kan náà, ìwọ̀n kan náà, kókó kan náà lọ́rùn.

Lọ́jọ́ Àìkú yẹn, ọ̀rá 16 ni mo dì. Títí di Ọjọ́bọ̀, a ti jẹ márùn-ún, nǹkan ń lọ geere, mo tiẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba àwọn ará ibi iṣẹ́ mi nímọ̀ràn.

Ní ìdájí ọjọ́ Jímọ̀, iná ò sí, fóònù mi ò sì ní ju ẹ̀mí kan lọ. Mo na ọwọ́ sínú fírísà nínú òkùnkùn, mo fa ọ̀rá kan yọ, mo fi omi tú u lára ohun tó wà nínú rẹ̀, mo jù ú sínú abọ́, mo dé e. Ó yọ̀ díẹ̀ lọ́wọ́ mi. Mo ní ìrẹsì ọ̀sẹ̀ yìí mà dì dáadáa o. Ọbẹ̀ ata wà nínú abọ́ kejì, pẹ̀lú pọ̀nmọ́ méjì àti ẹyin sísè kan. Mo dé ọ́fíìsì, mo kó gbogbo rẹ̀ sínú fíríjì.

Aago méjìlá ààbọ̀, iṣẹ́ ká mi mọ́lẹ̀, mo bẹ àgùnbánirọ̀ wa pé kó bá mi gbé abọ́ ńlá sínú máíkírówéfù fún ìṣẹ́jú méje. Ọmọ yẹn padà wá, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé abọ́, ó ń rọra rìn bí ẹni tó gbé omi ìwẹ̀ ọmọ tuntun.

“Àǹtí, omi yín ti gbóná.”

“Omi wo?”

Ó sọ ọ́ kalẹ̀. Omi ni lóòótọ́, ó ń ṣèéfín, ègé yìnyín kan tí kò ju ẹyin àdàbà lọ ń yí po láàárín rẹ̀. A jọ ń wò ó títí tó fi yọ́ tán. Ìyá àgbà kan tí tábìlì wọn kọjú sí tèmi na ọrùn wò ó, wọ́n wo ọbẹ̀ mi, wọ́n wò mí.

“Ẹ̀bà lo fẹ́ tẹ̀ ni?”

Kí n tó dáhùn, wọ́n ti fa dúrọ́ọ̀ wọn, wọ́n yọ gààrí Ìjẹ̀bú tí wọ́n ń mu lọ́sàn-án jáde. Kí ni mo fẹ́ ṣe? Mo tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀bà kíkan, nínú abọ́ ìrẹsì, pẹ̀lú ọbẹ̀ ìrẹsì. Mo pe ọkọ mi, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, ó ní òun máa sọ ọ́ fún ìyá òun. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Kò wá sí mi lọ́kàn rárá láti bi ara mi pé bí yìnyín bá lè bọ́ sínú abọ́ mi, ibo wá ni ìrẹsì ń bọ́ sí?

Ọjọ́ kejì ni wọ́n ń sọmọ lórúkọ ní ilé kejì sí wa. Ìdí ohun mímu ni wọ́n fi mí sí, torí wọ́n ní mi ò kì í fi mọ́ọ̀tì pamọ́. Àwọn ọmọkùnrin ti kó ìgò mínírà àti mọ́ọ̀tì sínú dúrọ́ọ̀mù búlúù ńlá kí n tó dé, wọ́n ti da yìnyín lé e lórí, wọ́n sì ti bu omi sí i. Ọ̀kan nínú wọn ń sọ fún èkejì pé yìnyín tòní rọ̀ o, ìgbá kan péré lòun gbá a mọ́lẹ̀ tó fi fọ́ kúlẹ́kúlẹ́. Mo gbọ́ ọ. Mo gbọ́ ọ, mo ń so gèlè mi.

Àfáà ti ṣàdúà tán, ọmọ ti gbórúkọ, wọ́n ní kí n gbé ti bàbá ọmọ àgbà wá. Mo ki ọwọ́ bọ inú dúrọ́ọ̀mù, mo fa mọ́ọ̀tì kan jáde, mo fi àpò ike gbé e fún bàbá, mo kúnlẹ̀. Bàbá wo ìgò náà. Wọ́n gbé e súnmọ́ ojú. Wọ́n yọ awò wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún fi wò ó.

“Ìyàwó, kí lèyí?”

Hóró ìrẹsì kan jókòó sórí ìdérí ìgò náà, ó funfun, ó sanra, ó ń tàn. Mẹ́ta mìíràn lẹ̀ mọ́ ara ìwé ìgò. Ìkan ń rọra yọ̀ bọ̀ lórí àtàǹpàkò bàbá. Mo dá a mọ̀! Irú ìrẹsì tí mo máa ń rà ni, gígùn, ìsè tèmi tí kì í lẹ̀ mọ́ra. Mo sáré padà sídìí dúrọ́ọ̀mù, mo bojú wò ó: ìrẹsì léfòó láti etí dé etí bí òjò yìnyín lójú odò, orí ìgò ń yọ láàárín rẹ̀ bí orí àkèré.

Gbogbo ènìyàn ti ń na ọrùn. Ìyálé ilé náà pariwo pé ta ló ń fi ìrẹsì tu mínírà nínú. Ibẹ̀ ni Rísì, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ti bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn láàárín àwọn ọmọdé, tí ìyá rẹ̀ sì rí i.

“Rísì! Ibo lo ti mú yìnyín tí o tà fún wọn láàárọ̀?”

“Nínú fírísà Mọ̀mí Bọ́lá ni. Ọ̀rá wa ni mo mú.”

Kò purọ́. Ọ̀rá wọn ni. Ó ta mẹ́jọ fún wọn ní aago mẹ́fà ààbọ̀, nígbà tí mo wà ní balùwẹ̀. Méjì jẹ́ yìnyín, mẹ́fà jẹ́ oúnjẹ ọ̀sẹ̀ mi. Ẹnì kan láti ẹ̀yìn ní, “Rísì ló ta ìrẹsì,” gbogbo ilé sì hó. Àfáà, tí mo rò pé wọ́n máa bínú, ní kò sí ohun tó burú, pé arísìkí ọmọ náà ló ti ń yọ jú, pé kódà inú omi ló ti ń wá a kàn. A ṣe àmín. Wọ́n ní kí n bá wọn ṣí mọ́ọ̀tì náà. Ó tutù, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má bú ìrẹsì.

Ibi tí mo ti wá di ọ̀tá ni ìgbà tí ìyá ìkókó àgbà fi ajọ̀ kó ìrẹsì náà jọ, tí wọ́n ní kí wọ́n ṣàn án, kí wọ́n dà á sínú jọ̀lọ́ọ̀fù, pé oúnjẹ kì í ṣe ohun à ń dà nù. Mo ní kò ṣeé ṣe, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti kòkòrò, ti oró, ti ìgò tó ti ilé ìtajà wá pẹ̀lú eruku rẹ̀. Wọ́n wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. “Ìwọ tó fi ìrẹsì pamọ́ láti ọjọ́ Àìkú?” Mi ò rí èsì kankan. Adìẹ ló jẹ ẹ́.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, Ìyá Rísì kó 1,200 náírà wá fún mi, owó ọ̀rá mẹ́fà. Ó kúnlẹ̀, èmi náà kúnlẹ̀, a ń bẹ ara wa títí a fi rẹ́rìn-ín. Bí ó ṣe lọ tán, mo wá máàkà Bọ́lá, mo to ọ̀rá tuntun 20 sórí tábìlì, mo kọ ÌRẸSÌ gàdàgbà sára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Lọ́jọ́ Àìkú mo sè, mo dì, 16 ló gbà. Mo fi mẹ́rin tó ṣẹ́kù sórí fírísà, mo fi òkúta lé e kí afẹ́fẹ́ má gbé e lọ.

Lọ́jọ́ Ajé, ọkọ mi ló kọ́kọ́ jáde nílé. Iná ò sí, ṣùgbọ́n ó tan tọ́ọ̀ṣì, ó ka ara ọ̀rá náà sókè létí mi kó tó fi sínú abọ́: “Ì-rẹ-sì.” Ó ní ẹni tó bá kàwé kì í ṣìnà.

Ẹ̀yìn ìgbà tó lọ tán ni mo rí i pé òkúta nìkan ló kù lórí fírísà. Rísì ti wá ọ̀rá wá nírọ̀lẹ́ àná, ó rí mẹ́rin, ó bu omi sí i.

Aago kan ọ̀sán, fóònù mi dún. Kò kí mi.

“Ìyá Bọ́lá, màmá tó fún ẹ ní gààrí lọ́jọ́sí, ṣé wọ́n ní ẹ̀gbọ́n kankan ní ọ́fíìsì tiwa?”