Wúrà tó ba odò jẹ́ náà lè tú àṣírí ẹ̀

Ẹni tó bá gba Òṣogbo kọjá láwọn ọdún yìí á ti rí i pé omi Ọ̀ṣun ò rí bíi tàtẹ̀yìnwá mọ́, ẹrẹ̀ ló ń ṣàn, ohun tó fà á náà ò sì fara sin rárá: àwọn tó ń wa wúrà lókè lọ́hùn-ún nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni, wọ́n á gbẹ́lẹ̀, wọ́n á fọ yẹ̀pẹ̀ sódò, àwọn míì á tún da mẹ́kúrì sí i kó lè bá wọn kó wúrà wẹ́wẹ́ jọ, tí wọ́n bá wá sun ún, mẹ́kúrì á bá èéfín lọ, wúrà á ṣẹ́kù, èyí tó bá dà nù níbẹ̀, odò ló gbà á. Lásìkò ọdún Ọ̀ṣun 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ fúnra ẹ̀ ló kéde pé káwọn èèyàn má mu omi náà o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń bu omi yẹn sínú kẹ́ẹ̀gì lọ́jọ́ ọdún, ẹ mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣọ̀rọ̀ kékeré.

Ẹrẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ dẹ́rù bà mí sha, álọ́ọ̀mù á mú un wálẹ̀. Èyí tí ojú ò rí ni wàhálà, ìyẹn mẹ́kúrì yẹn àti òjé (lead). Òjé ò rùn nínú omi, kò ní tọ́ọ́ lẹ́nu, bẹ́ ẹ sì sè é títí, ńṣe ni omi á máa fẹ́ lọ tí òjé á jókòó sínú ìkòkò. WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ní kí òjé má ju máíkírógíráàmù 10 lọ nínú lítà omi kan, mẹ́kúrì 6. Ẹ pín gíráàmù kan ṣoṣo sọ́nà mílíọ̀nù kan, ẹyọ kan níbẹ̀ ni máíkírógíráàmù. Àwọn tó bá rò pé àsọdùn ni, kí wọ́n rántí Zamfara lọ́dún 2010, òjé tó wà nínú òkúta wúrà tí wọ́n ń lọ̀ láàárín ilé ló pa ọmọdé tó ju 400 lọ.

Ẹ̀rọ ńlá tó ń wọn nǹkan wọ̀nyí ní láàbù wà, èyí tí wọ́n ń pè ní AAS wà, ICP-MS wà, àmọ́ owó ńlá ni, wọ́n sì ń fẹ́ gáàsì, wọ́n ń fẹ́ iná tí kì í ṣẹ́jú, ta ló fẹ́ gbé ìyẹn lọ sétí odò?

Ibẹ̀ ni nano ti wọlé, ìyẹn iṣẹ́ tí wọ́n ń fi ohun tó kéré débi pé ojú lásán ò lè rí i ṣe, ibẹ̀ náà ló sì ti dùn mọ́ mi jù, torí wúrà yìí kan náà ni wọ́n ń lò! Tẹ́ ẹ bá se iyọ̀ wúrà nínú omi títí tó fi hó, tẹ́ ẹ wá da citrate, iyọ̀ kan tó wá látinú irú àsíìdì tó wà nínú ọsàn, sí i, àwọ̀ yẹ́lò fẹ́ẹ́rẹ́ yẹn á kọ́kọ́ ṣá, omi á ṣú dúdú, kó tó pẹ́ ó ti pọ́n bíi zobo. Wúrà ni pupa yẹn o, ó ti kéré débi pé ẹyọ kan lè má ju nanomita 13 lọ (ẹ pín milimita kan sọ́nà mílíọ̀nù kan, ẹyọ kan níbẹ̀ ni nanomita), bẹ́ẹ̀ ìbú irun orí wa kan máa ń tó 80,000. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó ń jẹ́ Faraday ti ṣe irú omi yìí ní London lọ́dún 1857. Ohun tó mú un pọ́n ni pé àwọn wúrà náà jìnnà síra wọn, tí nǹkan kan bá sún wọn pọ̀, àwọ̀ á yí sí búlúù tàbí pọ́pù. Ó wá ku ká wá nǹkan tó jẹ́ pé mẹ́kúrì nìkan ló lè sún un. Nínú DNA, okùn tín-ín-rín tó gbé àbùdá ohun alààyè, lẹ́tà kan wà tó ń jẹ́ T, mẹ́kúrì fẹ́ràn àti máa jókòó sáàárín T méjì kó so wọ́n pọ̀, òun làwọn ẹgbẹ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Mirkin ní yunifásítì Northwestern l'Amẹ́ríkà lò lọ́dún 2007. Ṣáájú wọn, ní 2003, Liu àti Lu ní yunifásítì Illinois ti fi DNA kan tí òjé ń jẹ́ kó gé ṣe tiwọn, DNA yẹn ló so wúrà pọ̀, tí òjé bá dé, á gé, wúrà á tú ká, ìyẹn ń ti búlúù bọ́ sí pupa ni.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, púpọ̀ nínú ohun tí mo ń kà lórí ẹ̀, omi tó mọ́ lóló ni wọ́n fi dán an wò. Iyọ̀ lásán lè sún wúrà pọ̀, ẹ̀ẹ́ rí búlúù, ẹ̀ẹ́ ké gbàjarè, kò sì sí mẹ́kúrì kankan níbẹ̀. Omi tó ti pọ́n fún ẹrẹ̀ ńkọ́, pupa wo lẹ fẹ́ rí nínú ìyẹn? Ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sẹ́ ẹ. Fún irú odò tiwa, káàdì kékeré tí wọ́n tẹ kábọ̀n sí ni mo fọkàn tán jù, wọ́n á fi nano kun ojú ẹ̀, iná á fa òjé àti cadmium, irin olóró míì, lẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n á wá yí iná padà kí wọ́n máa bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, kálukú ló sì ní ìwọ̀n iná tó máa fi bọ́, ìyẹn lẹ̀ẹ́ fi mọ èwo ni èwo. Ẹrẹ̀ ò lè fi àwọ̀ tàn án jẹ.

Ẹ má sọ pé òyìnbó nìkan ló lè ṣe é o. Ní LAUTECH Ògbómọ̀ṣọ́, ẹgbẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Agbaje Lateef ti fi èèpo obì àti òwú aláǹtakùn ṣe nano fàdákà, ọwọ́ tó mọ iṣẹ́ wà nílé.

Ní báyìí ná, tí borehole yín bá wà nítòsí ibi tí wọ́n ti ń yọ́ bátìrì ọkọ̀, irú èyí tó wà l'Ógijo nípìnlẹ̀ Ògùn, àyẹ̀wò kòkòrò àti pH tí wọ́n sábà máa ń ṣe ò ní rí òjé, ẹ dárúkọ òjé fún wọn ní láàbù, kí wọ́n sì fún yín ní ike tí nitric acid ti wà nínú ẹ̀, torí òjé máa ń lẹ̀ mọ́ ara ike. Ẹni tó bá sì fẹ́ ra kit lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kó wo ìwọ̀n tó kéré jù tó lè rí. Tó bá jẹ́ láti máíkírógíráàmù 50 ló ti ń rí òjé, omi tó ní 30 á kọjá lójú ẹ̀ bí ẹni tó mọ́.