Orí tó lójú, orí tí kò nímú

Ọjọ́rú. Òjò há mi mọ́lé látàárọ̀, mo bá ń wo àwòrán àwọn ère Ifẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n mi sọ lánàá ló fà á. Ó rí àwòrán kan lára ògiri, àwọ̀ lórí àwọ̀, kò rí ojú, kò rí imú, irú èyí tí wọ́n ń pè ní abstract, tí kì í ya ohun bí ojú ṣe rí i. Ó ní, "Ẹni tí kò mọ àwòrán yà ní í ya irú eléyìí. Òyìnbó ló kó abstract dé. Bí àwọn baba wa bá gbẹ́ ènìyàn, ẹ óò mọ̀ pé ènìyàn ni."

Mi ò bá a jiyàn. Àwọn orí tí wọ́n hú ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938, níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé, ẹ̀mí nìkan ló kù kí wọ́n ní. Ẹ wo ìpéǹpéjú. Ẹ wo bí ètè ṣe pàdé. Leo Frobenius, ará Jámánì tó dé Ifẹ̀ ní 1910, rí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, kò sì gbà pé ọwọ́ adúláwọ̀ ló ṣe é. Ó ń wá àwọn Gíríìkì ìgbàanì káàkiri inú ìtàn. Àsìkò yẹn gan-an ni Kandinsky, ayàwòrán ará Rọ́ṣíà, ní Jámánì kan náà, ń jáwọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú yíya ohun tójú rí, tó ń fi àwọ̀ àti ìlà nìkan sọ̀rọ̀. Ó pa mí lẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n Abiri ń bẹ, lẹ́bàá Ifẹ̀. Níbẹ̀, orí amọ̀ tó jọ ènìyàn dáadáa wà pẹ̀lú orí mìíràn tí kò ju òpó kékeré lọ: ihò fún ojú, ihò fún ẹnu, ó parí. Ojú kan náà ni wọ́n ti hú wọn, wọ́n sì ti ju ọdún 500 lọ dáadáa. Ta ló máa sọ pé àwọn tó mọ ti àkọ́kọ́ kò mọ ère ṣe?

Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Lawal, onímọ̀ nípa iṣẹ́ ọnà Yorùbá, tan èyí mọ́ orí òde àti orí inú, mo sì gbà á. Orí òde lójú, ó nímú, ó nílà. Orí inú, èyí tí a yàn lọ́dọ̀ Àjàlá, ta ló rí i rí? Bí a bá fún un nímú, imú ta ni? Ìdí nìyẹn tí ìbọrí, ohun tí wọ́n fi ń ṣe àmì orí inú, fi rí ṣóńṣó, tí wọ́n to owó ẹyọ sí i lára, tí wọ́n sì kọ́ ilé orí fún un. Òpá Ọ̀rànmíyàn náà ga ju mítà 5 lọ, òkúta tí wọ́n kan ìṣó irin mọ́. Mi ò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni ráhùn pé kò jọ Ọ̀rànmíyàn.

Ère ìbejì ló dojú ọ̀rọ̀ rú fún mi. Ọmọ ọwọ́ ló kú, àgbàlagbà ni wọ́n gbẹ́, pẹ̀lú ọmú àti orí ńlá. Ìyá ń wẹ̀ ẹ́, ó ń fún un lóúnjẹ, kò sì sọ pé kò jọ ọmọ òun. Ṣé abstract nìyẹn ni, àbí àwòrán ènìyàn? Àwọn tó ń fún ọmọ iléèwé ní máàkì ni kó yanjú ìyẹn. Bí wọ́n bá ní kí èmi mú ọ̀kan lọ sílé, òpó kékeré Abiri yẹn ni n óò gbé.