Ẹ Bá Mi Dúpẹ́: Ọlọ́run Yọ Bàbá Ìbejì Lọ́wọ́ Ọtí àti Ṣúgà

Ẹ̀yin ará, ẹ̀yin Èkìtì Kete nílé àti lẹ́yìn odi, mo kí yín. Ẹ bá mi yin Olúwa, halelúyà! Mo jẹ́ ẹ̀rí yìí nínú ìjọ wa ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, ṣùgbọ́n àsìkò ò jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Àwọn tó gbọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀ ní kí n kọ ìyókù sílẹ̀. Ọkọ mi, Bàbá Ìbejì, ló fọwọ́ sí i. Wọ́n ní, "Sọ gbogbo rẹ̀, má fi nǹkan kan pamọ́. Ilé tó ń la irú rẹ̀ kọjá lọ́wọ́ pọ̀."

Bíríkìlà ni ọkọ mi. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí mọ̀ pé ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tán tí wọ́n fi ń jáde. Wọn kì í jẹun kí wọ́n tó lọ. Ní ìkóríta tí àwọn òṣìṣẹ́ ti máa ń dúró de ẹni tó máa gbé iṣẹ́ fún wọn, alágbo ti tẹ́ tábìlì síbẹ̀: àgbo ibà, àgbo jẹ̀díjẹ̀dí, paraga oríṣiríṣi. Òmíràn wà tí wọ́n fi omi rẹ, òmíràn wà tí wọ́n fi ògógóró rẹ. Èyí tí wọ́n fi ògógóró rẹ ló ń tà jù. Bàbá Ìbejì á gbé ife kan mì, wọ́n á ní ó ń lé òtútù, ó ń tú ẹ̀yìn. Tó bá di nǹkan bí aago mẹ́wàá, oòrùn ti ń mú, ebi ti dé, mínírà tútù àti bọ́ǹsì ni oúnjẹ. Mínírà mìíràn ní ọ̀sán. Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n á bá àwọn ọ̀rẹ́ mu bíà tàbí ẹmu, wọ́n á wá fi ọtí inú ọ̀rá dé e. Nígbà tí wọ́n bá fi délé, iyán tí mo gún sílẹ̀ ti tutù, ó ti le, wọn ò ní fọwọ́ kàn án.

Gbogbo wa la gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà pé ẹni tó bá ń jẹ nǹkan dídùn jù, jẹ̀díjẹ̀dí ń bọ̀ lọ́nà. Bàbá Ìbejì á mu mínírà, inú á máa run wọ́n, ẹ̀yìn á máa ro wọ́n, wọ́n á ní jẹ̀díjẹ̀dí ni. Kí wọ́n lè fọ̀ ọ́ dànù, wọ́n á mu àgbo tí wọ́n fi ọtí rẹ. Tí ọtí yẹn bá ti ń dá lójú wọn, nǹkan dídùn ló tún máa ń wù wọ́n. Báyìí ni ṣúgà ń rán wọn sí ọtí, tí ọtí ń dá wọn padà sọ́dọ̀ ṣúgà, ọdún ń gorí ọdún. Kò sì sẹ́ni tó máa pe ọkùnrin tó ń mu àgbo ní ọ̀mùtí. Orúkọ oògùn ni ọtí fi wọ ilé wa.

Ti owó ilé ìwé àwọn ọmọ àti ìjà òru, ẹ jẹ́ kí n fi í sílẹ̀. Ẹni tó bá ti gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n láìjẹ́ pé mo sọ. Nígbà tí àjọ NAFDAC bẹ̀rẹ̀ sí í gbógun ti ọtí inú ọ̀rá ní oṣù kejì ọdún 2024, mo dúpẹ́, mo rò pé ìtura ti dé. Àmọ́ ẹni tí ara rẹ̀ ń bèèrè ọtí á wá ibi tó wà kàn.

Ní òru ìsọjí kan, Ọlọ́run fọwọ́ kan ọkọ mi lọ́kàn. Wọ́n jáde síwájú pẹpẹ, wọ́n jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé àwọn ò mu ún mọ́. Láti òru ọjọ́ náà, ẹnu wọn ò kan ọtí. Ìdùnnú ṣubú lu ayọ̀ fún mi. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n débi pé omi inú ife ń dà sí wọn láyà. Òógùn bò wọ́n, oorun ò kùn wọ́n. Ní òru kejì, wọ́n ń nawọ́ sí ògiri, wọ́n ní kí n lé àwọn ẹyẹ tó bà síbẹ̀. Kò sí ẹyẹ kankan níbẹ̀. Kó tó di àfẹ̀mọ́júmọ́, gìrì mú wọn, wọ́n ṣubú lulẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Mo figbe ta. Àwọn aládùúgbò ya wọlé. Ẹnìkan ń wá ṣíbí tó máa fi là wọ́n lẹ́nu, ẹnìkan gbé epo pupa dé, ẹlòmíràn ní àwọn ọ̀tá ló ń bá ẹ̀jẹ́ wọn jà, ká gbé wọn lọ sórí òkè. Àbúrò ọkọ mi ló dá gbogbo wọn lẹ́kun. Ó yí ọkọ mi sí ẹ̀gbẹ́ kan títí gìrì fi dáwọ́ dúró, ó gbé mọ́tò, ó di ilé ìwòsàn ní Adó. Mo gbà tọkàntọkàn pé Ọlọ́run ló ti fi ọmọkùnrin yẹn síbẹ̀ dè wá.

Dókítà tó gbà wá kò bèèrè ọ̀tá. Ohun tó bèèrè ni ìgbà tí wọ́n mutí kẹ́yìn. Nígbà tí mo sọ ọ́, ó mi orí. Ó ṣàlàyé pé ọtí máa ń mú kí iṣẹ́ ọpọlọ lọ́ra, pé bí èèyàn bá ń mu ún lójoojúmọ́ fún ọdún púpọ̀, ọpọlọ á máa fi ipá kún ipá kó lè máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Tí ọtí bá kúrò lójijì, ipá yẹn ò ní í kúrò lójijì. Gbígbọ̀n ọwọ́ lè bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí 6 sí 24. Gìrì lè dé kí wákàtí 48 tó pé. Orí lè dàrú, kí èèyàn máa rí ohun tí kò sí, láàárín ọjọ́ kejì sí ìkẹrin, èyí sì ti pa àwọn mìíràn. Wọ́n fún ọkọ mi ní oògùn tó ń mú ọpọlọ rọlẹ̀, wọ́n ń dín in kù díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́. Àwọn nọ́ọ̀sì gún wọn ní abẹ́rẹ́ fítámì B1 kí wọ́n tó fa omi ṣúgà sí wọn lára, torí pé B1 kì í sábà kù lára ẹni tó ń mutí láìjẹun, tí ṣúgà bá sì ṣáájú rẹ̀ wọlé, ó lè ba ọpọlọ jẹ́.

Nítorí náà mo bẹ̀ yín, ẹ̀yin ìyàwó, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin òjíṣẹ́ Ọlọ́run. Ẹni tó bá ń mutí lójoojúmọ́ tó sì fẹ́ jáwọ́, ẹ jẹ́ kí dókítà mọ̀ kó tó dáwọ́ dúró. Ẹ̀jẹ́ ọkọ mi dára, mi ò kábàámọ̀ rẹ̀ láéláé. Kí ẹ̀jẹ́ àti dókítà jọ máa rìn ni mo ń wí.

Kí wọ́n tó dá wa sílẹ̀, arábìnrin kan tó jẹ́ onímọ̀ nípa oúnjẹ wá jókòó tì wá. Ọmọdé ni, mo lè bí i lọ́mọ, ṣùgbọ́n ọgbọ́n wà lórí rẹ̀. Ó ní kí ọkọ mi ka gbogbo ohun tí wọ́n ń fi sẹ́nu fún òun, láti ìgbà tí wọ́n bá jí. Nígbà tí wọ́n kà á tán, ó yíjú sí mi, ó ní, "Mà, ebi wà nínú ọ̀rọ̀ yìí o." Ẹ̀yin ará, ó yà mí lẹ́nu. Ebi, kẹ̀, nínú ilé tí iyán ò wọ́n!

Ó ní tí inú bá ṣófo, ẹ̀dọ̀ ló ń tú ṣúgà sínú ẹ̀jẹ̀ kí èèyàn má bàa dákú. Tí ọtí bá wọlé, ẹ̀dọ̀ á pa iṣẹ́ yẹn tì, á dojú kọ ọtí. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ á lọ sílẹ̀, ọwọ́ á máa gbọ̀n, inú á máa bí èèyàn láìnídìí, ara á sì máa wá ohun tó máa tètè gbé e dìde. Mínírà máa ń tètè gbé e dìde lóòótọ́, ó sì tún máa ń tètè já a sílẹ̀. Ọpọlọ tó ti mọ̀ pé inú ìgò ni ìtura wà, ìgò ló máa rán onítọ̀hún lọ wá. Àwọn Yorùbá ti sọ ọ́ tipẹ́: ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ìwàásù tí mò ń ṣe fún ọkọ mi lálaalẹ́, inú tó ṣófo ni mò ń ṣe é sí.

Ó tún kìlọ̀ fún wa pé lẹ́yìn ọtí, òǹgbẹ ṣúgà máa le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó rí bẹ́ẹ̀. Ó ní kí a má bá a jà lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́; bí súwíìtì kan bá máa gba èèyàn lọ́wọ́ ife paraga, kó lá a. Lẹ́yìn náà ká máa dín in kù. Ó fi ẹ̀yìn ìgò mínírà hàn wá: ìgò 50cl kan lè ní ṣúgà tó nǹkan bí gíráàmù 50 nínú. Láti ọdún 2015 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ti ní kí irú ṣúgà bẹ́ẹ̀ má ṣe ju nǹkan bí gíráàmù 50 lọ lóòjọ́ fún àgbàlagbà, pé ìdajì rẹ̀, gíráàmù 25, ló sàn jù. Ìgò kan ṣoṣo ti jẹ ìpín ọjọ́ kan tán.

Bí a ṣe délé, ilé ìdáná mi yí padà. Mo ń se ẹ̀wà sílẹ̀ lálẹ́, kí Bàbá Ìbejì tó jáde láàárọ̀ wọ́n á ti jẹ ẹ́, tàbí mọ́ínmọ́ín, tàbí ẹyin sísè pẹ̀lú ògì tí mo po sóyà mọ́, láìsí ṣúgà. Ọmọbìnrin yẹn ní oúnjẹ tó ń ṣara lóore láàárọ̀ máa ń dúró pẹ́ nínú, pé ẹ̀wà àti ẹ̀pà sì ní B1 nínú. Kúlà kan ń bá wọn lọ síbi iṣẹ́, ẹ̀pà àti àgbọn wà nínú ọ̀rá, ọsàn tàbí ìkàn wà níbẹ̀, àti omi, omi púpọ̀. Ìrẹsì Ìgbẹ́mọ tí wọn ò bó èèpo inú rẹ̀ tán ni mò ń sè. Mo tún máa ń se sobo pẹ̀lú atalẹ̀ àti èèpo ọ̀pẹ̀ òyìnbó, á tutù, adùn rẹ̀ ò sì wá láti inú ṣúgà.

Iyán ló fẹ́ dá wàhálà sílẹ̀. Ní Èkìtì níbí, ta ló máa gbọ́ pé ìyàwó ń dín iyán ọkọ kù? Ìyá ọkọ mi wá kí wa, wọ́n wo àwo, wọ́n rí òkèlè kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tó kún bámúbámú, wọ́n ní, "Ìyàwó, ṣé o fẹ́ fi ebi pa ọmọ mi ni? Iyán loúnjẹ, ọkà loògùn." Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ má bínú, Màámi, a ò gba iyán lẹ́nu wọn. Ẹ̀fọ́ àti ẹja la fi kún un." Wọn ò dáhùn. Wọ́n sùn tì wá. Ní àárọ̀, wọ́n rí ọmọ wọn tó jẹ ẹ̀wà tán, tó mumi, tó gbé irinṣẹ́ rẹ̀, tí ọwọ́ rẹ̀ ò gbọ̀n. Màámi bú sẹ́kún. Láti ọjọ́ náà, àwọn fúnra wọn ló ń fi ṣọkọ àti ẹja gbígbẹ ránṣẹ́ sí wa láti oko.

Oúnjẹ nìkan kọ́ o, kí ẹnikẹ́ni má gbọ́ ọ lódì. Ẹ̀fọ́ kì í wo ọtí. Ọkọ mi ń lọ sí kílíníìkì, wọ́n ń bá olùgbaninímọ̀ràn sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Wọ́n yí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà lọ síbi iṣẹ́ padà kí wọ́n má bàa gba ìkóríta alágbo. Ọ̀gá wọn gbà láti máa fi owó ọ̀sẹ̀ ránṣẹ́ sí báǹkì, torí pé owó tó bá wọlé sọ́wọ́ ní ọ̀sán Sátidé kì í délé. Wọ́n ń tètè sùn, torí ẹni tí oorun ò tó máa ń wá nǹkan dídùn kiri lọ́jọ́ kejì. Nọ́ọ̀sì kan kọ́ wọn pé bí òǹgbẹ ọtí bá dìde, kí wọ́n má jókòó tì í: kí wọ́n jẹ ẹ̀pà, kí wọ́n mumi, kí wọ́n rìn, kí wọ́n pe àbúrò wọn lórí fóònù. Lọ́pọ̀ ìgbà, kó tó pé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ó ti rọlẹ̀. Mo ti rí i tí wọ́n ń rìn yí ilé ká nínú òkùnkùn, tí wọ́n ń kọ orin ìyìn.

Wọ́n yẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, níbi ìsìnkú ọ̀rẹ́ wọn kan. Àwọn fúnra wọn ló sọ fún mi láàárọ̀ ọjọ́ kejì. A padà sí kílíníìkì, ẹnikẹ́ni ò bú wọn níbẹ̀. Dókítà rán wa létí ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 2023, pé kò sí ìwọ̀n ọtí tí a lè pè ní aláìléwu. Bàbá Ìbejì ní ó ti yé àwọn, pé ti "ife kan péré" ti tán lọ́rọ̀ àwọn.

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin dókítà àti nọ́ọ̀sì wa. Arábìnrin onímọ̀ oúnjẹ, Ọlọ́run á fún ọ ní ọkọ rere, á fún ọ lọ́mọ. Àbúrò ọkọ mi, ilé rẹ ò ní dahoro. Àwọn ìbejì mi tún ń sáré pàdé bàbá wọn lẹ́nu ọ̀nà báyìí, Olúwa, mo dúpẹ́!

Lẹ́yìn ìsìn, obìnrin kan tó wá láti Ìjerò fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló ń bá fínra. Ó ní irú ẹ̀wà wo ni kóun kọ́kọ́ sè. Mo ní kó fi ẹ̀wà sílẹ̀ ná, kó jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọmọ náà lọ rí dókítà. Ọjọ́rú la jọ ń lọ, Bàbá Ìbejì ló máa bá ọmọkùnrin náà jókòó.