Ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ gboyè kejì nínú ìmọ̀ oògùn ẹran ọ̀sìn àti oògùn oko

Àwọn ọ̀dọ́ apòògùn tó wà ní Òṣogbo àti agbègbè rẹ̀ máa ń bi mí lemọ́lemọ́ pé kí ni ènìyàn gbọ́dọ̀ ní kí ó tó lè kàwé gboyè kejì nínú ìmọ̀ oògùn ẹran ọ̀sìn àti oògùn tí à ń lò lóko. Inú mi máa ń dùn sí ìbéèrè náà, nítorí pé ibi tí à ń gbé yìí nílò àwọn tó mọ̀ ọ́n. Àwọn ọlọ́sìn adìyẹ pọ̀ yí ìlú ká, àwọn tó ń sin ẹja àrọ̀ ń pọ̀ sí i, àwọn àgbẹ̀ olóko kòkó kò sì jìnnà sí wa rárá. Síbẹ̀, ọwọ́ ẹni tó ń ta oúnjẹ adìyẹ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń ra oògùn, ohun tí ẹni tó tà á fún òun sì sọ ni òun náà ń sọ fún wọn. Mo fẹ́ dáhùn ìbéèrè náà níbí, kí n sì sọ èyí tí mo kà sí pàtàkì jù: oyè àkọ́kọ́ tí o ní, pẹ̀lú ìwé àṣẹ iṣẹ́ tó bá a rìn, ni yóò pinnu ohun tí oyè kejì yóò wúlò fún lọ́wọ́ rẹ.

Bí o bá ń wá ẹ̀kọ́ kan tí a dìídì ṣe fún apòògùn lórí ọ̀rọ̀ ẹranko, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni o ti lè rí i. Yunifásítì Harper Adams, ní àgbègbè Shropshire, ti kọ́ àwọn apòògùn ní ìmọ̀ yìí títí dé ipele oyè kejì. Ohun tó fà á ni pé òfin ilẹ̀ náà pín oògùn ẹranko sí ìsọ̀rí-ìsọ̀rí: àwọn kan wà tí dókítà ẹran nìkan lè kọ fún ẹran lẹ́yìn tó bá ti yẹ̀ ẹ́ wò, ṣùgbọ́n àwọn mìíràn wà, bí ọ̀pọ̀ oògùn aràn àgùntàn àti ti màlúù, tí òfin gbà kí apòògùn fúnra rẹ̀ kọ kí ó sì tà. Níbi tí òfin bá ti gbé irú ojúṣe bẹ́ẹ̀ lé apòògùn lọ́wọ́, ó di dandan kí a kọ́ ọ.

Ní ti Nàìjíríà, abẹ́ ẹ̀ka mẹ́ta ni ìmọ̀ náà fọ́n ká sí. Ẹ̀kọ́ nípa oògùn ẹranko àti májèlé wà lábẹ́ ìmọ̀ ìṣègùn ẹranko, bí irú èyí tó wà ní Yunifásítì Ìbàdàn àti ní Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria. Bí a ṣe ń po oògùn àti bí a ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó péye wà lábẹ́ ìmọ̀ ìpoògùn, èyí tí Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ti ń kọ́ni láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹ̀kọ́ nípa dídáàbò bo ohun ọ̀gbìn lọ́wọ́ kòkòrò àti àrùn wà ní ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ yóò fi orúkọ sílẹ̀ lábẹ́ ọ̀kan, yóò sì bẹ àyè láti jókòó nínú kíláàsì àwọn méjì tó kù. Lójú tèmi, Ìbàdàn ni èyí ti rọrùn jù fún ará Òṣogbo, nítorí pé ọgbà kan náà ni ẹ̀ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ nípa àwọn ìwé tí wọ́n ń béèrè kò gùn. Àwọn yunifásítì wa máa ń béèrè èsì ìdánwò girama tó ní kírẹ́dítì márùn-ún, tí èdè Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò wà nínú rẹ̀. Oyè àkọ́kọ́ tó yẹ. Ìwé ẹ̀rí àgùnbánirọ̀ tàbí ìwé tó fi hàn pé a yọ̀ǹda rẹ kúrò níbẹ̀. Lẹ́tà àwọn olùkọ́ tó lè jẹ́rìí sí ẹ̀kọ́ rẹ. Àti àkọsílẹ̀ máàkì gbogbo ọdún tí o fi kàwé, èyí tí ilé ẹ̀kọ́ rẹ àtijọ́ yóò fi ránṣẹ́ tààrà. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni kí o kọ́kọ́ béèrè fún, nítorí òun ló máa ń pẹ́ jù. Kókó kan tún wà tó ń da àwọn ènìyàn láàmú: ìpele kejì, apá ìsàlẹ̀ (second class lower), ni ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ fi ṣe òdiwọ̀n, bẹ́ẹ̀ oyè ìpoògùn ọlọ́dún márùn-ún tàbí mẹ́fà, àti oyè ìṣègùn ẹranko ọlọ́dún mẹ́fà, kì í sábà ní ìpele rárá. Má ṣe jẹ́ kí èyí dẹ́rù bà ọ́. Ìpíndọ́gba máàkì rẹ ni ìgbìmọ̀ yóò wò dípò rẹ̀, ìwé ìlànà ilé ẹ̀kọ́ náà yóò sì sọ iye tí wọ́n fẹ́.

Ibi tí mo fẹ́ kí a fara balẹ̀ sí ni ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ. Oyè kejì kì í ṣe ìwé àṣẹ iṣẹ́, kò sì lè sọ ẹni tí kì í ṣe apòògùn di apòògùn. Ẹni tó bá kàwé ìpoògùn yóò ṣe ìkọ́ṣẹ́ ọdún kan, yóò forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Pharmacy Council of Nigeria, àjọ tí òfin ọdún 2022 tún fìdí rẹ̀ múlẹ̀, yóò sì máa sọ ìwé àṣẹ rẹ̀ dọ̀tun lọ́dọọdún. Dókítà ẹran ní tirẹ̀ wà lábẹ́ Veterinary Council of Nigeria. Ẹni tó kàwé nípa ẹran ọ̀sìn tàbí bayokẹ́mísírì lè rí àyè wọlé sí àwọn ẹ̀ka kan fún oyè kejì, ó sì lè di olùwádìí tàbí òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ oògùn tó dáńtọ́, ṣùgbọ́n kò lè fi oyè náà ṣí ilé oògùn, kò sì lè fi tọ́jú màlúù gẹ́gẹ́ bí dókítà. Apòògùn tó gba oyè náà pàápàá kò di dókítà ẹran. Yíyẹ ẹran wò àti sísọ irú àrùn tó ń ṣe é kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ó dùn mí pé a kì í sọ èyí fún àwọn ọmọ wa kí wọ́n tó san owó ilé ẹ̀kọ́.

Èwo wá ni iṣẹ́ apòògùn níbẹ̀? Iṣẹ́ ńlá ni, òun ló sì jẹ́ kí n máa gba àwọn apòògùn níyànjú láti kà á. Ohun tí oyè àkọ́kọ́ kọ́ wa nípa ara ènìyàn kì í fi ìgbà gbogbo bá ara ẹranko mu. Parasitamọ́ọ̀lù tí à ń fún ọmọdé tí ara rẹ̀ gbóná lè pa ológbò, nítorí pé ẹ̀dọ̀ ológbò kò ní agbára tí ẹ̀dọ̀ tiwa fi ń sọ ọ́ di ohun tí kò léwu. Monensin tí wọ́n ń pò mọ́ oúnjẹ adìyẹ nítorí àrùn ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ máa ń pa ẹṣin. Bí wọ́n bá tún fún adìyẹ tó ń jẹ oúnjẹ oní-monensin bẹ́ẹ̀ ní tiamulin nítorí àrùn èémí, oògùn kejì kò ní jẹ́ kí ara lè palẹ̀ ti àkọ́kọ́ mọ́, ẹsẹ̀ adìyẹ á rọ, òmíràn á sì kú, olówó rẹ̀ á máa rò pé àìsàn tuntun ló wọ agbo. Tẹtirasaikilíìnì, tó jẹ́ áńtíbáyótíìkì, ń so mọ́ kálísíọ̀mù, nítorí náà, omi kànga tó ní èròjà yìí púpọ̀ àti oúnjẹ adìyẹ tó ń yé máa ń dín agbára rẹ̀ kù. Apòògùn tó mọ nǹkan wọ̀nyí lè gba agbo kan là láti ẹ̀yìn káńtà, kí dókítà ẹran tó dé.

Ọ̀rọ̀ náà kò sì parí sára ẹran tí a fún lóògùn. Ní ilẹ̀ Índíà, Pakistan àti Nepal, ẹyẹ igún fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nílẹ̀ láti àwọn ọdún 1990 síwájú, kò sì sí ẹni tó mọ ìdí rẹ̀ títí di ọdún 2004, nígbà tí àwọn olùwádìí fi hàn pé diclofenac tí wọ́n ń fún màlúù ló ń ba kíndìnrín igún tó bá jẹ òkú wọn jẹ́. Ní ọdún 2006, àwọn ìjọba wọ̀nyẹn ká oògùn náà kúrò nínú oògùn ẹran. Diclofenac yìí kan náà ni àwọn ará wa ń rà fún ẹ̀yìn ríro. Nítorí irú nǹkan báyìí ni a fi ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ nípa ọjọ́ ìdúró, ìyẹn iye ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ kọjá lẹ́yìn tí a ti lo oògùn tán kí a tó pa ẹran tàbí kí a tó ta wàrà àti ẹyin rẹ̀. Ẹyin tí wọ́n kó dé ọjà Ìgbọ̀nà láàárín ọjọ́ náà ń gbé oògùn lọ sí ikùn ẹni tí kò ṣàìsàn.

Apá ti oko kò kéré sí èyí. Ní ọdún 2015, àjọ ìṣọ̀kan ilẹ̀ Yúróòpù dá ẹ̀wà Nàìjíríà dúró nítorí dichlorvos, oògùn apakòkòrò, tí wọ́n bá lára rẹ̀. Àjọ NAFDAC, tí òfin ọdún 1993 gbé kalẹ̀, ti fòfin de oògùn apakoríko méjì: paraquat láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, àti atrazine, tí wọ́n ń lò lóko àgbàdo, láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025. Ẹni tó bá gboyè yìí gbọ́dọ̀ lè sọ fún olóko àgbàdo ohun tí yóò lò dípò rẹ̀, kí ó sì mọ ìtọ́jú tí a kọ́kọ́ ń ṣe fún ẹni tí oògùn kòkòrò dà sí lára.

Ó ku iṣẹ́ ìwádìí. Kí o tó kọ lẹ́tà ìwọlé, wá olùkọ́ tí yóò darí rẹ, kí o sì bi í léèrè irin iṣẹ́ tó wà nílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ pé o fẹ́ wá áńtíbáyótíìkì nínú ẹyin tí wọ́n ń tà ní Òṣogbo: o lè fi oje ẹyin sórí kòkòrò àìfojúrí Bacillus tí a gbìn sínú àwo, kí o wò ó bóyá kò ní hù yí i ká, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Ṣùgbọ́n èyí kò lè sọ irú oògùn tó wà níbẹ̀ àti ìwọ̀n rẹ̀ fún ọ. Ẹ̀rọ HPLC, tó ń ya àwọn èròjà sọ́tọ̀ tó sì ń wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan, ni yóò sọ ọ́, òun àti èròjà rẹ̀ sì wọ́n. Bí iṣẹ́ rẹ bá jẹ́ kí o fún adìyẹ gan-an lóògùn, ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìlò ẹranko fún ìwádìí gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí o tó bẹ̀rẹ̀, nítorí náà, fi ìwé ìbéèrè náà ránṣẹ́ sí wọn ní kété tí o bá ti rí àkòrí rẹ gbà.