Ìmọ́lẹ̀ Funfun Nínú Ojú Ọmọdé

Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ tí wọ́n bá nínú ojú ọmọ àbúrò mi ti di mímọ̀ ní àdúgbò wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí ti ń wá bá mi pé kí n bá wọn wo ojú ọmọ wọn. Èmi kì í ṣe dókítà, n kò sì lè sọ ohun tí ó wà nínú ojú ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo lè ṣe ni kí n kọ ohun tí a gbọ́ lẹ́nu àwọn oníṣègùn sílẹ̀, kí òbí tí ó bá rí àmì rẹ̀ lè tètè mọ ohun tí ó yẹ kí ó ṣe.

Àmì náà ni pé bí iná bá tàn sí ojú ọmọ, ihò dúdú tí ó wà láàárín ẹyinjú yóò kọ mọ̀nà funfun, bí ojú ológbò ṣe máa ń kọ nínú òkùnkùn. Àwòrán tí a fi fóònù yà lálẹ́ ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ fi í hàn: ojú kan á pọ́n, èkejì á funfun. Ó sì lè jẹ́ pé ojú méjèèjì kò wo ọ̀gangan ibì kan náà mọ́, tí ọ̀kan ń wo ẹ̀gbẹ́ nígbà tí èkejì ń wo ọ̀kánkán. Ọmọ kì í sunkún sí i ní ìbẹ̀rẹ̀, nítorí kì í dùn ún, ìdí sì nìyí tí àwọn ènìyàn fi máa ń ní kí a ṣì máa wò ó ná. Ìgbà tí ojú bá ti ń wú, tí ó ń pọ́n, tí ó sì ń yọ síta, àrùn náà ti pẹ́ níbẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ojú tí ó bá kọ funfun ni jẹjẹrẹ wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú ohun tí ó ń fa á tí omi ọmú tàbí omi ṣúgà tí a ń kán sójú lè wò sàn.

Jẹjẹrẹ tí wọ́n bá nínú ojú ọmọ wa ni àwọn dókítà ń pè ní retinoblastoma. Ó máa ń hù nínú awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó wà ní ẹ̀yìn inú ẹyinjú, èyí tí ó ń gba ìmọ́lẹ̀ tí ó sì ń fi ohun tí a rí ránṣẹ́ sí ọpọlọ. Òun ni jẹjẹrẹ inú ojú tí ó wọ́pọ̀ jù láàárín àwọn ọmọdé. Nǹkan bí ọmọ kan nínú 15,000 sí 20,000 tí a bí ni ó ń ṣe, àwọn tí kò tíì pé ọmọ ọdún 5 ni ó sì ń mú jù.

Ní ilé wa, ẹ̀bi ni wọ́n kọ́kọ́ wá. Wọ́n bi ìyá ọmọ bóyá ó rìn lọ́sàn-án gangan nígbà tí ó wà nínú oyún. Àwọn kan ní ọwọ́ ayé ni. Dókítà ṣàlàyé pé jíìnì kan, ìyẹn ohun àjogúnbá tí ó ń darí iṣẹ́ ara, wà nínú ara gbogbo wa, tí a ń pè ní RB1, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti dá àwọn sẹ́ẹ̀lì ojú, ìyẹn àwọn ẹyọ kéékèèké tí ó para pọ̀ di ojú, dúró kí wọ́n má baà máa pọ̀ sí i láìníjàánu. Méjì ni jíìnì yìí nínú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, àfi bí méjèèjì bá bàjẹ́ ni jẹjẹrẹ yìí sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Alfred Knudson, oníṣègùn ará Amẹ́ríkà, ni ó gbé èrò yìí kalẹ̀ ní 1971. Nínú nǹkan bí 40 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ tí ó ń ṣe, ìbàjẹ́ àkọ́kọ́ ti wà nínú gbogbo ara láti inú oyún, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú baba àti ìyá wọn lè dá ṣáká. Kò sí ohun kankan tí àbúrò mi jẹ, tí ó mu, tàbí tí ó ṣe tí ó fa á.

Láti dá àrùn náà mọ̀, wọ́n kán oògùn tí ó ń mú ihò ojú fẹ̀ sí i, wọ́n fún ọmọ ní oògùn oorun, wọ́n sì yẹ inú ojú méjèèjì wò fínnífínní, nítorí ó lè wà nínú méjèèjì. Wọ́n ṣe síkáànì, èyí tí ó fi ohun líle bí ẹfun tí ó máa ń wà nínú kókó jẹjẹrẹ náà hàn, wọ́n sì yàwòrán iṣan tí ó so ojú mọ́ ọpọlọ. A béèrè ìdí tí wọn kò fi gé díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ yẹ̀ wò, bí wọ́n ti ń ṣe fún kókó mìíràn. Èsì wọn ni pé bí a bá fi abẹ́rẹ́ lu ẹyinjú náà, sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ lè gba ojú ihò abẹ́rẹ́ jáde sínú ara.

Bí kókó bá kéré, wọ́n lè fi iná lésà jó o tàbí kí wọ́n fi òtútù líle pa á, lẹ́yìn tí oògùn jẹjẹrẹ tí wọ́n ń fà sí iṣan ẹ̀jẹ̀ bá ti mú un sún kì. Tiwa ti kún inú ojú. Wọ́n ní àwọn yóò yọ ojú náà.

Ibí ni ọ̀pọ̀ ìdílé ti máa ń gbé ọmọ wọn padà sílé, n kò sì lè sọ pé n kò mọ ohun tí ó ń ṣe wọ́n. Ìyá wa wí pé, “Dókítà, ojú lọba ara. Odindi ọmọ ni Ọlọ́run fún wa, ẹ má fi àbọ̀ lé wa lọ́wọ́.” Dókítà náà wólẹ̀ níwájú wọn, ó ní, “Màmá, ojú yẹn kò ríran mọ́. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀, tí ó fẹ́ gba ojú ọ̀nà iṣan lọ sí ọpọlọ, ni a fẹ́ gbà lára ọmọ yín.” Ìyá dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí a gbàdúrà kí a sì buwọ́ lùwé. Mo ń bẹ ẹ̀yin òbí pé bí ó bá di pé kí ẹ gbàdúrà, ẹ gbà á nílé ìwòsàn kí iṣẹ́ abẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ má fi oṣù mélòó kan gbà á nílé nígbà tí kókó ń rìn. Ní àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ń tètè rí i, ó lé ní 95 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ tí ó ń yè é. Ní ilẹ̀ Áfíríkà, iye wọn kéré gan-an sí èyí, pípẹ́ kí a tó dé ilé ìwòsàn sì wà lára ohun tí ó fà á jù.

Nígbà tí wọ́n ń yọ ojú náà, wọ́n gé iṣan tí ó so ó mọ́ ọpọlọ gùn díẹ̀ mọ́ ẹyinjú, wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí yàrá àyẹ̀wò láti mọ̀ bóyá àrùn ti gba ibẹ̀ kọjá, nítorí èsì yẹn ni ó ń sọ bóyá ọmọ yóò tún gba oògùn jẹjẹrẹ.

Àwọn àgbà náà ní jẹjẹrẹ ojú tiwọn. Ẹran tí ó ń hù sí ibi funfun ojú, tí oòrùn àti kòkòrò HIV máa ń dá kún, máa ń jọ ẹran lásán tí ó ń hù sójú àwọn àgbẹ̀, nítorí náà kí ẹni tí tirẹ̀ bá ń yára tóbi jẹ́ kí dókítà ojú gé e, kí wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò.

Ní Ògbómọ̀ṣọ́ níhìn-ín, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti Bowen, èyí tí àwọn àgbà ṣì ń pè ní ilé ìwòsàn Onítẹ̀bọmi, tàbí ti LAUTECH. Bí ọ̀rọ̀ bá ju ti ibẹ̀ lọ, wọn yóò kọ ìwé fún yín lọ sí UCH ní Ìbàdàn. Bí ẹ bá gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, ẹ lè ní kí nọ́ọ̀sì tan iná sí ojú rẹ̀ méjèèjì.

Ọmọ wa ti ní ojú àtọwọ́dá, tí a ó máa pààrọ̀ bí ó ti ń dàgbà, ó sì ń wọ awò líle láti dáàbò bo ojú kejì, tí wọ́n ṣì ń yẹ̀ wò déédéé. Wọ́n ti ní kí á gbé ọmọ tí àbúrò mi bá tún bí wá fún àyẹ̀wò ojú ní kété tí a bá ti bí i, kí á má dúró de àmì kankan.